A Kì í Ka Ọmọ f'Ọlọ́mọ: Ìtàn Èèyi àti Ìwé Abẹ́rẹ́ Àjẹsára ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

 

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í ka ọmọ f'ọlọ́mọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà. Ẹni tí ó bá dúró ní àgbàlá onílé, tí ó ń nàka sí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ pé ení, èjì, ẹ̀ta, kò ní í pẹ́ tí ìyá wọn yóò fi bi í pé kí ni ó ń wá. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Láyé àtijọ́, ìyá tí ó bí ọmọ mẹ́fà kò mọ iye tí yóò kù fún un, ó sì ń bẹ̀rù kí kíkà má baà pe àfiyèsí ikú sí wọn. Àwọn dókítà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ mìíràn náà sọ pé àwọn gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn abiyamọ: pé kí ìyá má tíì ka ọmọ rẹ̀ títí èèyi yóò fi kọjá.

Síbẹ̀, èèyi yìí gan-an ni ó sọ kíkà di dandan. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn lónìí ni pé ìtàn ìjàkadì wa pẹ̀lú èèyi, ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́ bí ó ti rí ní gbogbo Nàìjíríà, jẹ́ ìtàn ìwé mẹ́ta. Ìwé kìíní ni èyí tí a ń kọ orúkọ àwọn tí àrùn mú sí. Ìwé kejì ni èyí tí a ń kọ orúkọ àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́ sí. Ìwé kẹta ni èyí tí ó sọ iye ọmọ tí ó wà ní ìlú. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣì, ọmọ ni ó ń san gbèsè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ọ̀tá náà. Kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fa èèyi. Inú afẹ́fẹ́ ni ó ń gbà, láti inú ikọ́ àti sísín ẹni tí ó ní in. Ibà gbígbóná, ikọ́, imú tí ń ṣomi àti ojú tí ó pọ́n ni a kọ́kọ́ ń rí. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni ara ọmọ yóò sú, láti ojú lọ sí ìsàlẹ̀. Kì í ṣe ara tí ó sú ni ó sábà ń pa ọmọ. Òtútù àyà àti ìgbẹ́ gbuuru tí ó bá a dé ni ó ń pa á, pàápàá bí oúnjẹ kò bá ti ṣe ara rẹ̀ lóore tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn yè é, ṣùgbọ́n ojú wọn fọ́. Èyí tí ó burú jù ni pé nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin kí ara tó sú ni aláìsàn náà ti ń kó o ran àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tí ìyá bá fi mọ ohun tí ó ń ṣe ọmọ, gbogbo agboolé ti fara kó o.

Àwọn ìyá wa mọ àrùn yìí dáadáa, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò dúró sójú kan. Àwọn kan pè é ní èèyi. Àwọn kan kàn ní ara ọmọ sú ni. Àwọn mìíràn sì kó o pọ̀ mọ́ ìgbóná, àrùn Ṣọ̀pọ̀ná tí a kì í fẹ́ dárúkọ ní gbangba. Wọ́n ń fi ẹmu wẹ ọmọ, wọ́n ń fi àgbo kún un. Ṣùgbọ́n bí orúkọ bá dàrú, kíkà náà dàrú. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye ọmọ tí èèyi pa ní Ẹ̀pẹ́ ní 1930 kò lè rí i kà, nítorí ilé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kú sí, ilẹ̀ ilé ni a sì sin wọ́n sí. Wọn kò sí nínú ìwé kankan.

Bí a bá ń wá àpẹẹrẹ rere nípa kíkà ní ilẹ̀ Yorùbá, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni a ó kọ́kọ́ yà sí. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà àwọn ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn ọmọ ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé láti ìgbà tí a bí wọn. Oṣooṣù ni wọ́n ń wọn àwọn ọmọ náà, tí wọ́n ń kọ ohun tí ó ṣe wọ́n sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti hàn kedere pé èèyi kì í ṣe àìsàn kékeré tí ọmọ gbọ́dọ̀ là kọjá. Ìlà ìwọ̀n ọmọ tí ó ń gòkè bọ̀ yóò já wálẹ̀ lójijì ní ọ̀sẹ̀ tí èèyi bá mú un, yóò sì tó oṣù mélòó kan kí ó tó padà sí ipò rẹ̀. Ní 1963 ni Morley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí wọn lórí èèyi láàrin àwọn ọmọ Nàìjíríà jáde.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ tiwa ni káàdì tí ó lò. Morley kò tọ́jú káàdì ọmọ sínú àpótí ọsibítù. Ó kó o lé ìyá lọ́wọ́ pé kí ó máa mú un lọ sílé. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí. Òfin àwọn àgbà ni pé a kì í ka ọmọ f'ọlọ́mọ. Kò sì sí òfin tí ó ní kí ọlọ́mọ má ka ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ìwé bá wà lọ́wọ́ ìyá, ìyá ni ó ń ka ọmọ, àjèjì kọ́.

Ní àkókò yìí kan náà ni abẹ́rẹ́ dé. Ní 1954 ni John Enders àti Thomas Peebles ti ya kòkòrò èèyi sọ́tọ̀ ní Boston. Ní 1963 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́. Kò pẹ́ tí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Orílẹ̀-èdè 20 ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ni wọ́n pa pọ̀, pẹ̀lú owó àti òṣìṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, láti pa ìgbóná run kí wọ́n sì ká èèyi lápá kò. Èkó ni ọ́fíìsì àgbà ètò náà wà. Ní Nàìjíríà, 1967 ni iṣẹ́ náà gbéra ní pẹrẹu, ọdún kan náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún, tí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ sì kúrò lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bọ́ sábẹ́ ìjọba tuntun. Àwọn tí ó jẹ́ ọmọdé nígbà náà yóò rántí ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ tí ó dà bí ìbọn, tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí kò nílò iná mànàmáná.

Ìgbóná ṣubú. Oṣù karùn-ún 1970 ni a rí ẹni tí ó ní in kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Kí ló dé tí èèyi kò ṣubú pẹ̀lú rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ kan náà ni ó gun àwọn méjèèjì ní abẹ́rẹ́? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé méjì àkọ́kọ́ tí mo dárúkọ.

Ìwé kìíní, ìwé àwọn tí àrùn mú, ni ó ṣẹ́gun ìgbóná. Ní ìparí 1966, William Foege àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní agbègbè Ògójà, ní Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà, abẹ́rẹ́ kò sì tó wọn fún gbogbo ènìyàn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí àrùn wà kiri, wọ́n sì gún àwọn tí ó yí i ká ní abẹ́rẹ́. Ọgbọ́n yìí ṣiṣẹ́, nítorí ìgbóná kì í yára ràn, ojú gbogbo ènìyàn sì mọ̀ ọ́n. Èèyi kò rí bẹ́ẹ̀. Kí a tó gbọ́ pé ó wà ní Ìjẹ̀dẹ́, ó ti dé Ìgbógbò. Ẹni tí ó bá fẹ́ borí rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ kí àrùn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí sì já sí pé ìwé kejì, ìwé abẹ́rẹ́, gbọ́dọ̀ máa kún lójoojúmọ́, nítorí ojoojúmọ́ ni a ń bímọ. Orílẹ̀-èdè kékeré ni Gambia. Wọ́n gún àwọn ọmọ ibẹ̀ ní abẹ́rẹ́ títí èèyi fi dáwọ́ dúró pátápátá ní ìparí àwọn ọdún 1960. Nígbà tí ọwọ́ dẹ̀, ó padà. Nígbà tí ètò àwọn ará Amẹ́ríkà parí ní 1972, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níhìn-ín nìyẹn pẹ̀lú: a ti gún àwọn ọmọ àná ní abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò gún ọmọ tí a bí lónìí?

Àjọ Ìlera Àgbáyé dá ètò àjẹsára fún gbogbo ọmọdé sílẹ̀ ní 1974. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1979. Ìbẹ̀rẹ̀ náà kò lágbára. Lẹ́yìn tí wọ́n ti fi Ọ̀wọ̀ dán ọ̀nà tuntun wò, wọ́n tún ètò náà gbé dìde ní 1984. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìlera àwọn ọmọdé ní Yunifásítì Èkó, di mínísítà ètò ìlera ní 1985. Ìgbà tirẹ̀ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára di ohun tí a ń gbọ́ lórí rédíò, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti lọ́jà. Gbogbo ayé ti fi àdéhùn sí i pé nígbà tí yóò bá fi di 1990, ó kéré tán, ọmọ 80 nínú 100 gbọ́dọ̀ ti gba abẹ́rẹ́ wọn.

Ní 1990 náà, ìkéde jáde pé Nàìjíríà ti dé ibẹ̀, pé ó tilẹ̀ lé ní 80. Ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn kan náà, àwọn oníwàádìí ìjọba àpapọ̀ ń lọ láti ilé dé ilé ní gbogbo orílẹ̀-èdè, tí wọ́n ń béèrè káàdì lọ́wọ́ àwọn ìyá, tí wọ́n sì ń bi ẹni tí kò ní káàdì pé kí ó rántí. Ohun tí wọ́n rí ni pé, nínú ọmọ 100 tí ó ti pé ọdún kan ṣùgbọ́n tí kò tíì pé méjì, 46 ni ó ti gba abẹ́rẹ́ èèyi. Àwọn tí ó gba gbogbo abẹ́rẹ́ wọn pé kò ju 30 lọ. Orílẹ̀-èdè kan, ọdún kan, iye méjì. Ta ni ó parọ́ nínú wọn?

Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má parọ́. Nọ́ọ̀sì ń ka abẹ́rẹ́ tí ó jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Oníwàádìí ń ka ọmọ tí abẹ́rẹ́ wọ̀ lára. Abẹ́rẹ́ tí ó jáde kì í ṣe ọmọ tí ó gbà á ní gbogbo ìgbà: ìgò tí a ṣí tí a sì dà nù wà níbẹ̀, ọmọ tí ó ti ju ọdún kan lọ wà níbẹ̀, ọmọ tí a gún lẹ́ẹ̀mejì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí wàhálà náà ti wúwo jù ni ìwé kẹta, ìwé iye ọmọ tí ó wà ní ìlú. Ibí yìí ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tí kò ṣeé gbàgbé.

Nínú ètò ìkànìyàn 2006, ìjọba àpapọ̀ ní ènìyàn 535,619 ni ó wà ní Ìkòròdú, àti 181,409 ní Ẹ̀pẹ́. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kò gbà. Kíkà tiwọn sọ pé 689,045 ni Ìkòròdú, 323,634 sì ni Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ bá mi dá sí i. Ẹ jẹ́ kí á gbà pé nínú ènìyàn 100, 4 jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Kíkà ti ìjọba àpapọ̀ yóò fún Ẹ̀pẹ́ ní ọmọ bí 7,256. Kíkà ti ìpínlẹ̀ yóò fún un ní 12,945. Wàyí o, ká ní àwọn nọ́ọ̀sì Ẹ̀pẹ́ gún ọmọ 7,000 ní abẹ́rẹ́ èèyi láàrin ọdún kan. Lójú ìwé àkọ́kọ́, wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ 96 nínú 100, ó sì yẹ kí á jó. Lójú ìwé kejì, 54 péré ni, ó sì yẹ kí á sunkún. Abẹ́rẹ́ kan kò yàtọ̀, nọ́ọ̀sì kan kò yàtọ̀. Iye tí a fi pín in ni ó yàtọ̀.

Kì í ṣe iye nìkan ni ó ń yí padà. Ilẹ̀ náà ń yí padà lábẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ̀pẹ́ tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀ka márùn-ún ìpínlẹ̀ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe Ẹ̀pẹ́ tí ó kù lẹ́yìn tí wọ́n yọ Ìbẹ́jú-Lẹ́kí kúrò lára rẹ̀. Ní 2003, ìjọba Èkó tún fi agbègbè ìdàgbàsókè 37 kún ìjọba ìbílẹ̀ 20, a sì pín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ sí wẹ́wẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn tí ó bá ya ìlà kan láti 1970 títí di òní, tí ó kọ Ẹ̀pẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé, Ẹ̀pẹ́ wo?

Àwọn ìlú méjèèjì kò sì jọ ara wọn. Ìkòròdú ti di ìlú àwọn ayálégbé. Ìdílé tí owó ilé lé kúrò ní Súrùlérè tàbí Múṣín ń kó wá síbẹ̀, káàdì ọmọ sì lè sọnù lọ́jọ́ tí a ń kẹ́rù. Ìyá tí ń gbé ní Ògìjó, tí ó jẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Ògùn, lè gbé ọmọ rẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́ ní Ìkòròdú. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ yóò wọ ìwé Èkó, ọmọ rẹ̀ yóò sì wà nínú ìwé Ògùn. Bẹ́ẹ̀ ni ó fi ṣeé ṣe kí a gbọ́ pé ìjọba ìbílẹ̀ kan gún ọmọ 110 nínú 100.

Ní apá Ẹ̀pẹ́, omi ni ọ̀rọ̀ wà. Abẹ́rẹ́ èèyi kò gbọdọ̀ gbóná. Àárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 ni a ń tọ́jú rẹ̀ sí, láti fìríìjì dé inú àpótí yìnyín tí a gbé sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí abúlé àwọn apẹja. Ìgò tí ó wọ́pọ̀ ń gba ọmọ mẹ́wàá. Bí a bá ti pò ó, kò gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́fà lọ kí a tó dà á nù. Ẹ fojú inú wo ìyá kan tí ó fi ẹja sílẹ̀ ní èbúté, tí ó wọ ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú ọmọ oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn, tí ó dé ibẹ̀ tí wọ́n sọ fún un pé ọmọ kò tíì pọ̀ tó láti ṣí ìgò, kí ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì kò fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ṣòfò. Ìyá kò fẹ́ fi ọjọ́ ọjà ṣòfò. Láàrin àwọn méjèèjì, ọmọ ni ó ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí á tún ìṣirò kan ṣe kí á tó kúrò níbẹ̀, nítorí òun ni ó tú àṣírí èèyi. Bí a bá fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ ní oṣù mẹ́sàn-án, ó ń mú nínú nǹkan bí ọmọ 85 nínú 100. Nítorí náà, bí a bá gún ọmọ 80 nínú 100 ní abẹ́rẹ́, 68 ni ó ní ààbò. Ọmọ 32 wà láìní ààbò. Lọ́dún tí ń bọ̀, 32 mìíràn yóò dara pọ̀ mọ́ wọn, lọ́dún kẹta 32 mìíràn. Bí igi gbígbẹ ṣe ń jọ sínú igbó láìsí ẹni tí ó rí i ni wọ́n ń jọ, títí iná yóò fi ràn. Ìdí nìyí tí èèyi fi lè dákẹ́ fún ọdún méjì tí gbogbo wa yóò rò pé ó ti lọ, kí ó tó bú jáde. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìlera. Àwọn onímọ̀ gbà pé a nílò ọmọ bí 95 nínú 100 kí èèyi tó lè pàdánù ọ̀nà. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo kò lè gbé wa débẹ̀, òun ni Nàìjíríà fi bẹ̀rẹ̀ ìkejì, tí à ń gbà ní oṣù 15, ní 2019.

Láàrin ìgbà yẹn, ìwé kìíní náà ti dára sí i. Lẹ́yìn ìpolongo ńlá tí ó dé gúúsù orílẹ̀-èdè yìí ní 2006, wọn kò tún gba gbogbo ara sísú gbọ́ pé èèyi ni. Òṣìṣẹ́ tí ń mójú tó àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ ń gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, a sì ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé àyẹ̀wò bí èyí tí ó wà ní Yábàá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra. Bí ìwé bá sọ pé kò sí èèyi ní abúlé kan, ó lè jẹ́ pé kò sí i lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó lọ wò. Òfo méjèèjì jọ ara wọn nínú ìwé, wọn kò jọ ara wọn nínú ilé.

Ìwádìí ilé-dé-ilé tí ó wáyé lẹ́yìn ti 1990 fi hàn pé a rẹ̀ sílẹ̀ kí á tó gòkè. Ní gbogbo Nàìjíríà, abẹ́rẹ́ èèyi dé ọ̀dọ̀ ọmọ 36 nínú 100 ní 2003, 42 ní 2013, àti 54 ní 2018. Ó gba ìran kan gbáko kí á tó kọjá ibi tí a wà ní 1990. Àwọn tí ó bọ́ sínú kòtò àárín náà ti di géńdé lónìí. Àwọn kan nínú wọn kò sí láti di géńdé.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí lé. Ìwé kan wà tí kò sí lọ́wọ́ mínísítà, tí kò sí lọ́wọ́ akànìyàn. Ìwé ìpè-orúkọ kíláàsì yín ni. Nígbà tí ọmọ bá kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé ní Ìmọ̀tà tàbí ní Ẹ̀jìnrìn, ẹ ní kí ìyá rẹ̀ mú káàdì wá. Bí káàdì bá sọnù, ẹ má bá a wí. Ẹ júwe ilé ìwòsàn fún un. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá gbọ́ pé ọmọ 90 nínú 100 ti gba abẹ́rẹ́, ẹ béèrè pé: 100 wo? Ta ni ó kà wọ́n? Níbo ni àwọn 10 tí ó kù ń gbé?

Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ f'ọlọ́mọ, òótọ́ ni wọ́n sì sọ ní ìgbà tiwọn, nítorí ẹni tí ń kà kò ní ohun tí yóò fi dáàbò bo ọmọ lẹ́yìn kíkà. Lónìí, a ní in. Ọmọ tí a kò kà ni a kò wá. Ọmọ tí a kò wá ni èèyi ń rí. Kí ìyá di káàdì rẹ̀ mú, kí ó sì ka ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ láìfòyà. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iye wọn dín.